Kọ̀ǹpútà ọdún 2012, owó tí kò pọ̀: ohun tá a rà àti ohun tá a fi sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́jú ìwé owó fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ló gbé kọ̀ǹpútà yìí wá. Kí wọ́n tó dé, wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà sórí ìwé pélébé kan: graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán sójú screen), processor Core i7 (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), àti RAM (ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ máa ń wà) "tó bá ti wà". Ẹnì kan tó fẹ́ràn géèmù ló kọ ọ́ fún wọn. Owó tó wà nílẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó kọ̀ǹpútà tuntun tó dáa. Mo bi wọ́n pé kí ló ń ṣe kọ̀ǹpútà náà gan-an.

"Àbúrò, mi ò ní kó máa fò," wọ́n ní. "Kó ṣáà má jẹ́ pé màá tàn án, màá lọ wẹ̀, màá tún padà wá bá òbírí yẹn níbi tó ti ń yí."

Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe kò le. Excel tó gùn gbọọrọ, software ìṣirò owó kan tí kì í ṣiṣẹ́ lórí ohun mìíràn àfi Windows, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́wàá tó máa ń wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà, àti ìpàdé orí fídíò. Kò sí géèmù níbẹ̀, wọn kì í sì í gé fídíò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló pa púpọ̀ rẹ́ nínú ohun tó wà lórí ìwé yẹn.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni, irú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní small form factor. Processor rẹ̀ ni Intel Core i5-3470, ìran kẹta, tó jáde ní 2012: core mẹ́rin (bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú rẹ̀), thread mẹ́rin (iye iṣẹ́ tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà), 3.2 GHz tó lè sáré dé 3.6 GHz. RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB DDR3, ègé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2 GB, slot méjì (ihò tí RAM ń wọ̀) sì ṣófo. Hard disk (ibi tí fáìlì ń gbé) 500 GB tó ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Power supply (ohun tó ń pín iná fún ẹ̀rọ) 240 watt. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n lọ dà á nù. Lójú tèmi, processor yẹn ṣì tó iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ń ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Ohun tó ń fa ẹsẹ̀

Mi ò tíì fọwọ́ kan síkúrù kankan tí mo fi tan án tí mo sì ṣí Task Manager, ojú ewé Windows tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Processor ń lọ sókè sódò, kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. RAM ti kún dé 3.6 GB kí a tó ṣí ohunkóhun. Disk ni mo ń dúró dè, kò sì já mi kulẹ̀: 100% gbọnrangandan, kò sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń kà jáde kò ju nǹkan bí 2 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé Windows ń parọ́. Báwo ni disk tó lè ka 100 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe máa rẹ̀ tán lórí 2 MB?

Ọ̀rọ̀ fáìlì kéékèèké ni. Inú hard disk ní àwo tó ń yí, àti apá kékeré kan tó ń sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá ibi tí fáìlì wà. Bí àwo bá ń yí ní 7,200, yíyí kan gba nǹkan bí 8.3 milisẹ́kọ́ńdì. Apá yẹn á kọ́kọ́ lo milisẹ́kọ́ńdì mélòó kan láti dé ojú ọ̀nà tó yẹ, á tún dúró de bí ìdajì yíyí kan kí ohun tó ń wá tó dé abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò lè lọ kó bọ̀ ju bí ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ́pọ̀ ìgbà kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Windows tó ń dìde sì ń béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ sí abúlé mẹ́wàá láàárọ̀ kan ni hard disk yẹn: ẹrù tó gbé kò wúwo, ìrìn ló pa á. SSD, ibi ìpamọ́ oní-chip tó ń rọ́pò hard disk, kò ní apá, kò ní àwo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń dáhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

RAM tó kún tún wá dá kún un. Bí àyè bá tán nínú RAM, Windows á kó ohun tí a kò lò lọ́wọ́ sínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní pagefile, orí hard disk kan náà tó ti ń mí hẹlẹ ni pagefile yẹn sì wà. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé orí fídíò fi ń dì gbagidi bí wọ́n bá ti ṣí Excel lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo fi CrystalDiskInfo wo ìlera disk náà. Ó gbé Caution (ìkìlọ̀) jáde ní àwọ̀ ìyeyè. Ìlà C5, Current Pending Sector, kì í ṣe òdo mọ́: àwọn ojú kan wà lórí àwo tí disk ti gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Disk bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún kan sí i, ó sì lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nítorí náà a ò tíì ra nǹkan kan. A kó gbogbo ìwé àwọn oníbàárà sórí hard disk ìta tí ẹ̀gbọ́n ti ní tẹ́lẹ̀, a sì ṣí lára àwọn fáìlì náà níbẹ̀ láti rí i pé wọ́n pé. Bí wọ́n bá ti ra graphics card bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òun ni wọn ì bá máa fi wo disk tó ń kú lọ.

Bí mo ṣe pín owó

Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (chip ààbò kan), àti processor Intel Core ìran kẹjọ sókè. Ìran kẹta ni tiwa, kò sì ní TPM 2.0. Windows 10 ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú Microsoft láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò lè máa rí i gbà di Oṣù Kẹwàá 2026. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà láti fi tipátipá gbé Windows 11 sórí irú ẹ̀rọ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa rí àtúnṣe gbà. Ẹni tí ìwé owó àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn yẹn. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè dípò Windows, ì bá ti yanjú ọ̀rọ̀ náà fún ọdún púpọ̀ sí i, bí kò bá sí ti software ìṣirò owó yẹn.

Ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ tó kù fún kọ̀ǹpútà yìí lẹ́nu iṣẹ́ ti níye. Ìbéèrè tí mo wá ń bi nípa ohun kọ̀ọ̀kan nìyí: ṣé yóò bá ẹ̀gbọ́n lọ sínú kọ̀ǹpútà tó ń bọ̀, àbí inú èyí ni yóò kú sí? Èyí tó bá máa bá wọn lọ, ká ná owó sí i dáadáa, ká sì ra tuntun. Èyí tí kò bá lè lọ, ká ra àlòkù, iye tó bá tó gẹ́lẹ́. SSD oní-SATA (irú wáyà tí hard disk yìí náà ń lò) á wọ inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó jáde lẹ́yìn èyí. RAM DDR3 kò lè wọ slot DDR4, ìran tó tẹ̀ lé e, láéláé, ibi tí wọ́n gé lára rẹ̀ kò bára mu. Processor ìran yìí sì ń lo socket (ibi tí processor ń jókòó) LGA1155, tí Intel lò fún ìran kejì àti ìkẹta nìkan.

SSD

Ibí ni owó púpọ̀ lọ. Àwọn kan á ní ká ra NVMe, oríṣi SSD mìíràn, torí ó yá ju SATA lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Òótọ́ ni, lórí ìwé. Motherboard yìí, pátákó tí gbogbo nǹkan so mọ́, kò ní ihò M.2 tí NVMe ń wọ̀ rárá. Èèyàn lè ra káàdì tó ń gbé NVMe sínú slot PCIe (ihò fún káàdì àfikún), àmọ́ BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé) ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń dìde láti orí NVMe láìjẹ́ pé èèyàn tú BIOS náà palẹ̀, mi ò sì ní fi ẹ̀rọ oníṣẹ́ dánrawò bẹ́ẹ̀. SATA 6 Gb/s fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún Excel àti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, fífò láti hard disk sí SATA SSD ni ojú ń rí. Láti SATA dé NVMe, aago nìkan ló máa mọ̀ ọ́n.

Fáìlì ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú Windows kò ju nǹkan bí 130 GB lọ, 240 GB ì bá tó. Èmi ni mo ní ká ra 500 GB, torí pé ohun tó máa tẹ̀ lé wọn ni, àti pé SSD tó bá kún dé ọrùn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Mo yan èyí tó ń lo TLC dípò QLC. QLC ń kó bit mẹ́rin sójú kan, TLC ń kó mẹ́ta. Ti QLC máa ń rẹlẹ̀ lówó, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kún tí ẹ sì kó fáìlì ńlá sórí rẹ̀, yíyá rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí ẹ ó máa rántí hard disk. Mo wo iye TBW (àpapọ̀ ìsọfúnni tí a lè kọ sórí rẹ̀) tí olùṣe kọ sí i, mo sì wo ọdún mélòó ni wàràńtì rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún SSD 2 TB tí owó rẹ̀ kò tó ti 240 GB. Wọ́n ti kọ́ ọ láti parọ́ iye tó lè gbà, á máa gba fáìlì yín títí á fi dé ibi tí àyè rẹ̀ gan-an parí, lẹ́yìn náà á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Software kan tó ń jẹ́ H2testw máa ń tú àṣírí irú rẹ̀: ó ń fi ìsọfúnni kún disk náà tán, á sì kà á padà wò.

RAM

Slot méjì ṣófo, nítorí náà a ò yọ 2 GB méjì tó wà níbẹ̀. Ègé 4 GB méjì la fi kún un, DDR3 1600, àlòkù, ó sì di 12 GB. Mo to wọ́n kí channel kọ̀ọ̀kan (ọ̀nà méjì tí processor ń gbà bá RAM sọ̀rọ̀) ní 2 àti 4, kí dual channel, lílo ọ̀nà méjèèjì pa pọ̀, lè máa ṣiṣẹ́. 16 GB dùn ún sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà kò jẹ ju 6 GB lọ, RAM yìí kò sì ní bá wọn lọ síbì kankan.

Ọjà RAM àlòkù kún fún ọ̀fìn. RAM server, èyí tí wọ́n kọ ECC Registered sí lára, sábà máa ń pọ̀ yanturu ní owó pọ́ọ́kú, kọ̀ǹpútà tábìlì bí èyí kò sì ní dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ti laptop kúrú, ojú lásán ti tó láti mọ̀ ọ́n. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bíi ti AMD, ilé-iṣẹ́ tó ń bá Intel du ọjà, nìkan. Bí ẹ bá kì í bọ motherboard Intel, kò ní kà á. DDR3L ní tirẹ̀ kò ní wàhálà: 1.35 volt ló ń jẹ, ṣùgbọ́n ó lè gba 1.5 volt tí DDR3 ń jẹ. MemTest86 ni mo fi ń yẹ RAM àlòkù wò, màá jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. RAM tó ń ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan burú ju èyí tó ti kú lọ fún ẹni tó ń ṣírò owó.

Ohun tá a fi sílẹ̀

Core i7-3770 ì bá wọ socket yẹn láìjanpata. Watt 77 kan náà ló ń jẹ, fáànù tó wà níbẹ̀ á sì tó o. Core mẹ́rin náà ló ní, ṣùgbọ́n thread rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, ó sì ń dé 3.9 GHz. Bí iṣẹ́ wọn bá jẹ́ gígé fídíò, màá ti wá a. Ẹni tí processor rẹ̀ ń ṣeré ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún kò nílò thread mẹ́rin sí i.

Graphics card ló dùn wọ́n jù. Wọ́n ti gbọ́ pé òun ló ń mú kọ̀ǹpútà yá.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa lò ó?" mo bi wọ́n. "Excel yín kò fi ṣe nǹkan kan. Software owó yín, bẹ́ẹ̀ náà."

"Fídíò ńkọ́?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Graphics tó wà nínú i5-3470, HD Graphics 2500, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú VP9, ọ̀nà ìdì fídíò tí YouTube ń lò, processor ló ń fi agbára rẹ̀ tú u. Ní 1080p, i5 yìí lè ṣe é. 4K, tí àwòrán rẹ̀ tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni yóò bà á jẹ́, screen wọn kì í sì í ṣe 4K. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ rà á, àpótí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí kì í gba káàdì tí kò bá jẹ́ low profile (káàdì kúkúrú), power supply 240 watt kò sì ní wáyà àfikún fún káàdì. Ohun tó bá rí gbà nínú slot PCIe, tí kì í ju 75 watt lọ, ló gbọ́dọ̀ tó o. Graphics card kan tó ń jẹ́ GT 1030 ló sábà máa ń bọ́ sí irú àyè yìí, 30 watt péré ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ oríṣi méjì ló wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà: èyí tó ń lo RAM GDDR5 ń gbé 48 GB ìsọfúnni ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ń lo DDR4 kò dé 17. Ẹni tó ń tà á lè má sọ èwo ló wà nínú páálí.

Power supply náà, a kò yí i. Ìrísí tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọjà gbogbogbò, irú rẹ̀ gan-an nìkan ló máa wọlé. Mo gbọ́n eruku rẹ̀, mo fetí sí fáànù rẹ̀, ó dára.

Nígbà tá a tú u

Lábẹ́ heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò), paste tó ń gbé ooru lórí processor ti gbẹ bí amọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣí pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Mo nù ún kúrò, mo fi tuntun sí i bí hóró ẹ̀wà kan. Òun àti bátìrì CR2032 ló rẹlẹ̀ lówó jù nínú gbogbo ohun tá a rà, bátìrì yẹn sì yanjú ohun tí ẹ̀gbọ́n ti ń pè ní kòkòrò: nígbàkígbà tí wọ́n bá yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, ojú ewé báńkì á ní òun kò fọkàn tán ìsopọ̀ wọn. Bátìrì orí motherboard ló ti kú. Aago ń padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, browser sì ń wo ìwé ẹ̀rí ojú ewé náà bí ohun tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Bátìrì tuntun wọlé, BIOS sì padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde nílé-iṣẹ́. Ẹ má fojú fo èyí. Ìlà SATA Operation, tó ń sọ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá disk sọ̀rọ̀, ti lọ sórí RAID; mo yí i sí AHCI kí n tó gbé Windows sórí SSD, torí ẹni tó bá yí i lẹ́yìn tí Windows ti wọlé lè rí ojú búlúù tí Windows fi ń dákú. Mo tún wo motherboard dáadáa kí n tó ki wáyà SSD bọ̀ ọ́: lórí àwọn tìgbà yẹn, ihò SATA mìíràn jẹ́ 6 Gb/s, òmíràn 3 Gb/s, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní.

Mi ò da ohun tó wà lórí hard disk kọ bó ṣe wà. Disk tó ní ojú tí kò ṣeé kà lè mú kí àdàkọ náà kú sójú ọ̀nà, tàbí kó gbé fáìlì tó ti bàjẹ́ lọ sórí tuntun. Windows 10 la tún gbé wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, software náà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà la kó ìwé àwọn oníbàárà wọlé láti orí hard disk ìta.

Nígbà tó kọ́kọ́ dìde, 8 GB péré ló kà. Ègé RAM kan kò jókòó dáadáa. Mo yọ ọ́, mo fi ìrésà fọ́ ojú wúrà rẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀ títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi dún. 12 GB.

Bó ṣe rí báyìí

Kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó fi ń dé ibi ọ̀rọ̀ aṣínà. Disk kì í dúró ní 100 mọ́. Ìpàdé orí fídíò àti Excel ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀ láìjà. Ohun tí kò yí padà náà wà: ìwé Excel tó tóbi jù nínú tiwọn ṣì ń lo iye àkókò tó ń lò tẹ́lẹ̀ láti ṣírò, iṣẹ́ processor nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ní kí ìpàdé fídíò sọ ohun tó wà lẹ́yìn wọn di bàìbàì bí ẹni pé èéfín bò ó, processor á fò sókè sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní kí wọ́n pa èéfín náà, kí wọ́n jókòó síwájú ògiri.

SSD gba ju ìdajì owó tá a ná lọ, RAM gba èyí tó pọ̀ nínú ìyókù. Owó ṣẹ́ kù. Mo ní kí wọ́n fi pa mọ́ de kọ̀ǹpútà àlòkù ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí SSD yìí á ṣí wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí á wá gba SSD kékeré kan àti Linux Mint, kí àwọn ọmọ máa fi ṣiṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Wọ́n béèrè bóyá a lè jẹ́ kí hard disk àtijọ́ máa wà nínú rẹ̀ fún ìpamọ́. Mo ní rárá, torí C5 yẹn. A ò sì lè jù ú sí ààtàn bẹ́ẹ̀, ìwé owó àwọn èèyàn wà lórí rẹ̀, ojú tí kò ṣeé kà kò sì ní gbà kí a pa á rẹ́ tán. Mo fi ẹ̀rọ ìlukòtò lu àwo rẹ̀ já lójú wọn, wọ́n sì gbé e lọ.